Kóró Abẹ́ Lẹ́tà Aláìníbàtà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ jókòó ti fóònù, tí ẹ ń rò ó bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ kọ́ tàbí kí ẹ wá iṣẹ́ ìjọba lọ, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. N kò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kẹrin ni mo dé tí mo fi pa síléètì tì. Ṣùgbọ́n fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, kò sí ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú tàbí ìwé ìròyìn tó jáde nílé ìtẹ̀wé wa ní Òṣogbo tí ìka mi kò kàn kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Lẹ́tà ni mo ń tò. Òun ni mo fi jẹun, òun ni mo fi tọ́ ọmọ, òun náà ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi sọ ọmọlúàbí èèyàn kan di olè lójú ayé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń to lẹ́tà: ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láìkánjú.

Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n bí mi sí. Àbúrò ìyá mi tó ń ránṣọ ní Òṣogbo ló wá mú mi pé kí n wá kọ́ ìránṣọ. Èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ kò gbọ́ra wa yé rárá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, abẹ́rẹ́ gún mi níka lẹ́ẹ̀mẹta. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi àti ilé ìtẹ̀wé Bàbá Làmídì. Lọ́jọ́ kan àǹtí mi fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀.

"Bàbá Làmídì, ẹ bá mi wo ọmọ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ kò gba òwú. Bóyá ó lè gba òjé."

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ nìyẹn. Ti owó oṣù kò tó ohun tí à ń fẹnu sọ.

Ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé ni Bàbá Làmídì, Mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí ìrun kan ré òun kọjá. Aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wọ̀ wá síbi tí tàdáwà ti ń ta síni lára bí ọ̀wààrà òjò, n kò sì rí àbàwọ́n kan lára aṣọ náà rí. Ẹ ti mọ irú ọ̀gá tí mo bá pàdé.

Nígbà náà, òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí eyín ọmọdé. Àpótí pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé, yàrá kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní yàrá tirẹ̀. Wàá fi ọwọ́ òsì di irin pẹlẹbẹ kan mú, wàá máa fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa lẹ́tà sórí rẹ̀ títí ìlà kan á fi kún. Ṣùgbọ́n ojú lẹ́tà ń wo ẹ̀yìn. Ẹ gbé ìwé síwájú dígí kí ẹ wò ó. Bí mo ṣe ń kà á látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Títí dòní, mo lè ka ìwé tó dorí kodò kíákíá ju èyí tó dúró dáadáa lọ. Àwọn ọmọ mi kò lè jókòó níwájú mi kí wọ́n ní àwọn ń kọ lẹ́tà àṣírí.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi kẹrosíìnì fọ lẹ́tà, tí mo ń dá wọn padà sí yàrá wọn. Bí ẹyọ kan bá jábọ́, Bàbá Làmídì á ní, "Ọmọ ti sọnù nínú ilé. Kí ni ìyá rẹ̀ ń dúró wò?" Èmi náà á rá pálá wọ abẹ́ tábìlì. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gèlè mi dì mí lójú. Wọ́n á ní, "Gbé d fún mi." Bí mo bá gbé b, wọ́n á da gbogbo àpótí sórí tábìlì, kí n máa ṣà á padà láti orí a. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ ń sun. Lẹ́yìn náà ẹkún sú mi, ìka mi wá mọ ọ̀nà.

Sáká ni ẹni tó ń yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Aláwàdà ni, apá rẹ̀ sì ki bí odó. Orúkọ tó ń pè mí ni "ọmọ Ọwá tí í múná roko," torí pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi tò ni ìkéde ọjà iṣu kan ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Mo tò ó tán, inú mi dùn. Sáká tẹ ẹyọ kan wò, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan! A ti bá oníbàárà túmọ̀ ìwé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́!"

"Uṣu" ni mo tò síbi iṣu, "ulé" ni mo sì tò síbi ilé, bí a ṣe ń pè é nílé wa. Bàbá Làmídì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ohun tó wà lẹ́nu rẹ ni kí o tò. Ohun tó wà nínú ìwé ni kí o tò. Ẹni tó máa kà á kò sí nínú ikùn rẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ etí mi kan, ó sì gba èkejì jáde. Ẹ ó gbọ́ ohun tó dà.

Títí di ìgbà náà, ẹsẹ̀ wà nídìí gbogbo lẹ́tà wa, ìlà kékeré kan tó nà sọ́tùn-ún sósì nílẹ̀ bí ẹni wọ bàtà. Ó dára nínú ìwé ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n a wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan, ìwé tí wọ́n sì fi ń tẹ ìròyìn kì í ṣe ìwé gidi, ńṣe ló ń mu tàdáwà bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mu omi. Àwọn bàtà yẹn á kún, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, àkọlé á dà bí ìgbà tí èèrà rìn nínú ẹrẹ̀. Olóòtú ìwé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ pé eré ló máa ń sá ṣáá, ní òun fẹ́ àkọlé tí ẹni tó wà lódìkejì títì lè kà.

Bí wọ́n ṣe ra lẹ́tà tuntun láti òkè òkun nìyẹn. Ọjọ́ tí a tú àpótí rẹ̀, gbogbo wa yí i ká. Lẹ́tà náà gún régé bí òpó iná, kò lẹ́sẹ̀, kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan. Bàbá Làmídì gbé A kan sókè, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì.

"Àwọn wọ̀nyí ò mà wọ bàtà."

Láti ọjọ́ náà la ti ń pè wọ́n ní aláìníbàtà. Ìdílé kan ni wọ́n. Tínrín wà, alábọ́dé wà, sísanra wà bí ìyàwó tuntun tó délé tán, ọ̀kan sì wà tó tóóró, tó fún ara rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba àárín èrò kọjá. Ojú kan náà ni gbogbo wọn jọ, bí o bá rí àbúrò o ti mọ ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ràn wọn ju oúnjẹ lọ.

Àbùkù kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Àwọn tó rọ wọ́n kò gbọ́ Yorùbá rí láyé wọn. Kò sí Ẹ, kò sí Ọ, kò sí Ṣ. Bàbá Làmídì jókòó ti fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin, wọ́n ń rẹ́ àmì ìdánudúró inú àwọn lẹ́tà kéékèèké tó ti gbó, títí wọ́n fi rí òjé jáńjálá bíi kóró èso ata. Wọ́n kó wọn sínú agolo mílíìkì. Bí a bá ti to àkọlé tán, a ó to ìlà kan sí abẹ́ rẹ̀, kìkì kóró àti òjé òfìfo, kóró kọ̀ọ̀kan á bọ́ sábẹ́ lẹ́tà tó ni ín. Iṣẹ́ tó ń gba sùúrù ni, ó sì ń gba ààyè. Gbogbo ìgbà tí Bàbá Làmídì bá ń kọjá lẹ́yìn mi, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Fi kóró rẹ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Mo gba fíríídọ̀mù. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Làmídì lọ sí Iwaraja lọ́jọ́ Rú kan, wọ́n lọ sọ ọmọ ọmọ wọn lórúkọ. Wọ́n fi ilé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ Rú sì ni a ń tẹ ìwé ìròyìn, kó lè jáde lọ́jọ́bọ̀.

Ọ̀sán ni olóòtú sáré wọlé. "Sìsí, ìròyìn ìlú yín rèé o! Iwájú ìwé ló ń lọ."

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Onípákó bá àwọn ọmọ sọ níbi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn nílé ìwé kan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni. Kò sí ọmọ ìlú wa tí kò mọ Bàbá Onípákó, ẹni tó ni ibi ìlagi. Ìjọ wọn ti fẹ́ fi wọ́n jẹ oyè Bàbá Ìjọ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọ á fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Baba náà wá sọ fún àwọn ọmọ pé òun kì í ṣe ọmọ àgbàyanu nígbà tí òun wà léwe, pé omi tútù ni ìyá àgbà òun máa ń dà lé òun kí òun tó dìde lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni olóòtú fi ṣe àkọlé: Ọ̀LẸ NI MÍ NÍ KÉKERÉ.

Mo fi aláìníbàtà sísanra tò ó, torí pé iwájú ìwé ni. Ó gba ìlà méjì. Mo to ìlà kóró sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, níbi tí Ọ̀LẸ wà. Mo wá gbé férémù irin tó ń di gbogbo ojú ìwé pọ̀, mo ní kí n fún un. Kò pa dé. Mo tú u, mo tún un tò, kò pa dé. Ẹ̀rọ ti gbóná. Sáká fọwọ́ lẹ́rán.

"Ọmọ Ọwá, ṣé òní la máa tẹ ìwé yìí ni, àbí ká kí ara wa kú ọdún tuntun ná?"

Mo wo ojú ìwé náà látòkè délẹ̀. Kò sí ohun tó lè kúrò àfi ìlà kóró. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé ta ni kò ní mọ̀? Èèyàn wo ló máa dúró níwájú ọmọ ilé ìwé kó sọ pé olè ni òun? Mo yọ kóró, mo dá wọn padà sínú agolo. Férémù pa dé, ó dún kà! Kí n má purọ́, inú mi dùn.

Lẹ́tà ńlá kì í ní àmì ohùn nígbà náà, ẹ rántí. Ohun tó jáde lọ́jọ́bọ̀, gàdàgbà gàdàgbà bí òpó iná, ni OLE NI MI NI KEKERE.

Ọ̀sán ọjọ́bọ̀ náà ni obìnrin gíga kan já wọlé, ìwé ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó Bàbá Onípákó ni. Bàbá Làmídì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Iwaraja dé ni, wọn kò tíì gbé báàgì kalẹ̀.

"Ta ló to èyí?"

Mo ní èmi ni, mo sì kúnlẹ̀.

"Ìwọ! Ọkọ mi jí kí ni rẹ? Láti àárọ̀ ni àwọn ọmọ ti ń kọ ọ́ lórin lẹ́yìn wa. Àwọn kan ti mú un lọ bá ìgbìmọ̀ ìjọ. Wọ́n ní ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́, pé ẹni tó jalè ní kékeré ni wọ́n fẹ́ fi àpótí ọrẹ lé lọ́wọ́! Alàgbà, ẹ lé ọmọ yìí dànù!"

Bàbá Làmídì gba ìwé náà, wọ́n wò ó, wọ́n wo agolo.

"Kóró dà?"

"Ó wà nínú agolo, sà."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ààyè ni kò tó, sà."

"Odindi ìdílé ni wọ́n. O ò rí tóóró nínú wọn rán níṣẹ́? Tóóró á wọ ìlà kan, kóró á sì ráyè jókòó." Wọ́n yíjú sí obìnrin náà. "Ẹ má bínú, ìyá. Bí mo bá lé e, ta ni yóò lọ fi kóró náà sí i?"

Wọ́n tẹ péènì àti ìgò tàdáwà kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn mìíràn kò ní jáde títí ọ̀sẹ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìgbìmọ̀ á jókòó. "Gbogbo ẹyọ tó wọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà," ni wọ́n wí, "láti ilé dé ilé."

Ọjọ́ Ẹtì, mo wà nílùú mi kí oòrùn tó mú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta ìwé náà níbẹ̀, ó sì mọ gbogbo ẹni tó rà á. Bí mo bá dé ilé kan, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo to ìwé yín, mo gbàgbé nǹkan sílé iṣẹ́." Onígbàjámọ̀ ti lẹ tirẹ̀ mọ́ ògiri, àga ni mo gùn kí ọwọ́ mi tó tó o. Ó ní bí mo ti wà lókè yẹn, kí n kúkú bá òun gbá jàǹkárìwọ̀. Obìnrin kan ti fi tirẹ̀ pọ́n èkuru. Mo tú èkuru, mo fi kóró sí i, mo sì pọ́n ọn padà. Tíṣà àgbà kan ti fi bírò pupa fi kóró sí tiwọn fúnra wọn. Wọ́n fi han mí, wọ́n tún fún mi ní máàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òdo.

Ẹyọ kan ló kù, èyí tó wà lọ́wọ́ Bàbá Alágogo. Àwọn ló ń lu agogo ìjọ, wọ́n sì ti ń fojú sí oyè náà tipẹ́. Àwọn gan-an ló fẹ́ gbé ìwé náà síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n jókòó síta, wọ́n fi ìwé náà fẹ́ ara wọn.

"O fẹ́ ba ìwé mi jẹ́? Mo rà á ni, n kò jí i. Kì í ṣe bíi tàwọn kan."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún mi. N kò kàwé púpọ̀."

Wọ́n wúkọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ní kóró tirẹ̀ pé pérépéré. Wọ́n kà á dé ibi tí ìyá àgbà ti ń da omi tútù sí ọmọ lára kó tó jí. Ìyàwó wọn tó ń ṣa ẹ̀fọ́ gbé orí sókè.

"Baálé mi, olè wo ni wọ́n ń da omi lé kó tó jí? Àwọn olè kì í sùn!"

Ẹ̀rín gbé obìnrin náà lulẹ̀. Bàbá Alágogo fẹ́ le ojú, kò ṣeé ṣe, ẹnu wọn ń gbọ̀n. Wọ́n já péènì gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi kóró kan sábẹ́ O.

Mo ní, "Ó ku ti E, sà."

"Fi ìkejì sí i!" ni ìyàwó wọn wí. "Àbí ẹsẹ̀ kan ni ẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ baba yẹn fi dúró?"

Ìgbà yẹn ni mo tó gboyà lọ sílé Bàbá Onípákó. Wọ́n ti gbọ́ pé mo ń bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é.

"Dìde, ọmọ mi. Uyán wà ńlẹ̀. Nígbà tí o ń yọ kóró yẹn, kí lo rò?"

"Mo rò pé wọ́n á mọ̀, sà."

Wọ́n mi orí. "Àwọn tó fẹ́ràn mi mọ̀. Àwọn yòókù ni a ń fi kóró sí i fún."

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ tó ju ìyẹn lọ nínú iṣẹ́ kankan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá Alágogo gbé ìwé wọn síwájú ìgbìmọ̀ lóòótọ́, kóró méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, àwọn náà ló lu agogo ìwúyè. Bàbá Onípákó dìde láti dúpẹ́, wọ́n ní, "Ọ̀lẹ ni mí ní kékeré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kóró sí i kí ẹ tó délé." Gbogbo ìjọ hó yèè. Èmi wà lẹ́yìn pátápátá, mo fi gèlè bojú.

Ìyókù iṣẹ́ ayé mi kò ní ariwo. Ẹ̀rọ tuntun dé tó ń tẹ̀wé láti ara páànù pẹlẹbẹ, lẹ́tà òjé wá di ohun àtijọ́. Àwọn apẹja kó wọn lọ, wọ́n fi ń ri àwọ̀n sínú omi. Sáká ní ẹja Ọ̀ṣun á mọ̀wé lọ́dún náà. Bàbá Làmídì re ibi àgbà ń rè, aṣọ wọn funfun títí dọjọ́ náà, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Muíbátù, ọmọ wọn obìnrin, ló gba ilé iṣẹ́, òun ló sì kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo lẹ́tà ń kọjú sí mi, orí ń fọ́ mi; mo fẹ́ gbé dígí wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Ẹni tó bá mọ ìdí tí òun fi ń ṣe nǹkan, irinṣẹ́ tuntun kì í lé e níbi iṣẹ́. Ojú mi ló lé mi níkẹyìn, ọjọ́ orí sì ni ìyẹn.

N kò kó nǹkan kan lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́ àfi agolo mílíìkì kan.

Ohun tó mú kí n máa sọ gbogbo èyí rèé. Bísọ́lá, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ń ya lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà. Ìwé ìròyìn Yorùbá kan ní kó ya ìdílé lẹ́tà tuntun fún àwọn. Ó fi hàn mí: aláìníbàtà ni, tínrín, alábọ́dé, sísanra, tóóró. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí wọn bí ẹni kí ará ilé. Kóró wà lábẹ́ gbogbo èyí tó yẹ. Àfi bó ṣe tún wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Màmá, ọ̀gá olóòtú ní kí n yọ kóró kúrò nínú lẹ́tà àkọlé. Ó ní wọ́n ń gún ìlà tó wà nísàlẹ̀ lórí. Ó ní bí n kò bá yọ ọ́, àwọn á lo lẹ́tà òyìnbó. Ó ní òǹkàwé á mọ̀."

Ẹ̀rín tí mo rín, gèlè mi bọ́. Mo jókòó, mo sọ ìtàn Bàbá Onípákó fún un láti orí dé ìdí. Mo ṣí agolo, mo fi kóró kan sí i lọ́wọ́.

"Gbé e lọ fún un."

"Kí n ní kí ni, Màmá?"

"Ní kó tẹ àkọlé kan wò kó tó pinnu. Kó fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ ara rẹ̀. Kó fi 'ọ̀lẹ ni ní kékeré' tẹ̀lé e. Kó má fi kóró sí i."

Lánàá ni Bísọ́lá mú ìwé ìròyìn náà wá. Nígbà tiwa, òjé máa ń tẹ ìwé wọnú, bí o bá fi ìka pa ẹ̀yìn rẹ̀, wàá mọ kóró lára. Mo fi ìka pa èyí, ó ń dán, kò sí nǹkan kan. Mo wá gbé e jìnnà sí ojú bí àgbà ṣe ń ṣe. Bísọ́lá ti fa ìdí lẹ́tà sókè díẹ̀ kí ààyè lè wà fún kóró. Wọ́n wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ lẹ́tà tó ni ín.

Mo ní, "Kóró mi dà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá olóòtú kò dá a padà, Màmá. Ó wà lórí tábìlì rẹ̀."

Mo dé agolo mi.